Fídíò Mólékù: Èwo Ni Àfojúbà, Èwo Ni Ìròyìn?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìfaradà lórí ojú-ewé ìlera yín, tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń gbọ́ lẹ́nu dókítà lédè òyìnbó tí kò yé wọn délẹ̀. Lẹ́tà wa yìí dá lórí irú àwòrán kan tó ti gbilẹ̀ lórí fóònù, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera: fídíò tó ń fi mólékù ńlá inú ara hàn bó ṣe ń yí ìrísí padà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni ti hìmóglóbíìnì, púrótíìnì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri, nítorí ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ ó rí i tó ń ṣí, tó ń pa dé, tó ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kámẹ́rà kan wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ yà á.

Kámẹ́rà kankan kò wọ ibẹ̀. Ká ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ ní àwòrán 50, méjì péré, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, ló sábà máa ń ti inú ìwádìí tí wọ́n fi irinṣẹ́ ṣe wá. Méjìdínláàádọ́ta yòókù, ètò kọ̀ǹpútà ló fi ìṣirò hun wọ́n. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́, nítorí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ni. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó bá ń fi í hàn máa sọ èwo ni wọ́n wọ̀n, èwo ni wọ́n ṣírò. A tún fẹ́ kí olùkọ́ bayọ́lọ́jì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà mọ̀ pé òun lè fọwọ́ ara òun ṣe é láìná kọ́bọ̀ lórí ètò náà, torí ẹni tó bá ti ṣe ọ̀kan rí ni ojú rẹ̀ máa ń tètè tó ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwòrán méjì tí wọ́n wọ̀n náà. Wọ́n á mú kí púrótíìnì di kírísítálì, wọ́n á tan ìtànṣán ẹ́síréè sí i, wọ́n á wá ti ibi tí ìtànṣán náà fọ́n sí ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Max Perutz fi ṣe iṣẹ́ yìí lórí hìmóglóbíìnì ní Cambridge, òun àti John Kendrew sì ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 1962. Láti 1971 ni wọ́n ti ń kó irú èsì bẹ́ẹ̀ jọ sínú Protein Data Bank, ibi ìpamọ́ tí gbogbo ayé lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ti ju 200,000 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì ìdánimọ̀ tí nọ́ńbà àti lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin lápapọ̀. 2HHB ni hìmóglóbíìnì ènìyàn tí kò gbé ọ́síjìn. 1HHO ni èyí tó gbé e. Àwọn méjèèjì yìí ni a ó máa lò títí dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ni hìmóglóbíìnì ní: alfa méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní amino acid (ègé kékeré tí wọ́n so pọ̀ di púrótíìnì) 141, àti bẹ́tà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 146. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 574. Heme kan wà nínú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan, átọ́ọ̀mù irin kan sì jókòó sí àárín heme. Nígbà tí kò bá sí ọ́síjìn, irin yìí yọ kúrò lórí ìtẹ́jú heme ní nǹkan bíi 0.4 Ångström. Ångström kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá mìlímítà. Bí ọ́síjìn bá so mọ́ irin, irin á wọlé padà sórí ìtẹ́jú, á fa histidine, amino acid kan tó so mọ́ ọn lẹ́yìn, histidine á sì fa apá ẹ̀wọ̀n tó gbé e. Ìfà yìí ló ń dé ibi tí ẹ̀wọ̀n ti pàdé ẹ̀wọ̀n, tí ìdajì mólékù, ìyẹn alfa kan pẹ̀lú bẹ́tà kan, fi máa ń yí ní nǹkan bíi dígíìrì 15 lára ìdajì kejì, tí ihò àárín wọn á sì fún. Ohun ìyanu gidi ni: ìrìn tí kò tó ìdajì Ångström ló ń sún odidi ìdajì mólékù.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí. Títẹ̀léra tí a kà sílẹ̀ yìí, pé irin ló kọ́kọ́ sún, kí histidine tó tẹ̀ lé e, kí ìdajì mólékù tó wá yí, inú ìrònú àti ìwádìí ló ti wá. Perutz to àlàyé náà jọ ní 1970. Fídíò kò fi hàn rárá. Nínú fídíò, irin, histidine àti ìdajì mólékù jọ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ni, wọ́n sì jọ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, torí ètò kọ̀ǹpútà pín ìrìn gbogbo wọn sí iye férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò) kan náà. Olùkọ́ tó bá nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà tó ní "ẹ ò rí i bí irin ṣe ń fa ẹ̀wọ̀n", ohun tó sọ jẹ́ òótọ́, àmọ́ ohun tó nawọ́ sí kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹni tó bá ya fọ́tò ọkùnrin kan ní Lágéré láàárọ̀, tó tún ya fọ́tò rẹ̀ ní Iléṣà lọ́sàn-án, àfojúbà méjì ló ní lọ́wọ́. Bóyá ọkùnrin náà gba Òṣú kọjá, bóyá ó kọ́kọ́ padà sílé lọ mú nǹkan, fọ́tò méjèèjì kò lè sọ. Bí ẹnì kan bá wá fa ìlà tọ́ọ́rọ́ láti fọ́tò kìíní dé èkejì, ó lè mú un gba inú òkè àti orí òrùlé kọjá. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Férémù àárín fídíò mólékù, ìròyìn ni, ìròyìn tí kò sì ní ẹlẹ́rìí.

Ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà hun àárín náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pe gbogbo rẹ̀ ni morph.

Èyí tó rọrùn jù ni ìlà tọ́ọ́rọ́: átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan á rìn tààrà láti ibi tó wà nínú fáìlì kìíní lọ sí ibi tó wà nínú fáìlì kejì. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó bá ń yí gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ọrun, kì í ṣe ọ̀nà tààrà. Bí ẹ bá fi ìlà tọ́ọ́rọ́ ṣe ohun tó yí, á sún kì ní àárín ọ̀nà, ẹ sì lè ṣírò rẹ̀: ìjìnnà átọ́ọ̀mù sí òpó tó ń yí lé lórí á di ìjìnnà ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi cosine ìdajì igun tó yí sọ di púpọ̀. Fún dígíìrì 15 hìmóglóbíìnì, ìsúnkì náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ojú kò lè rí i. Fún dígíìrì 60, á kù 87 nínú 100. Fún 90, á kù 71. Fún 180, gbogbo átọ́ọ̀mù á pàdé lórí òpó náà, kò ní ku nǹkan kan. Ìdí nìyí tí fídíò hìmóglóbíìnì fi máa ń dára lójú kódà bí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é bá mẹ́hẹ, tí ti púrótíìnì mìíràn á sì dà bí ohun tó yọ́ láàárín ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí ìyàtọ̀ náà, kó lo adenylate kinase, énsáìmù inú baktéríà E. coli, amino acid 214. 4AKE ni ìgbà tó ṣí, 1AKE ni ìgbà tó pa dé mọ́ ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́nu. Ẹ̀wọ̀n A àti B ló wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa B rẹ́ nínú méjèèjì, ẹ fi A nìkan ṣe é. Ìdérí rẹ̀ ń yí púpọ̀, ìlà tọ́ọ́rọ́ sì máa ń ba apá ibẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ètò kọ́kọ́ wá ibi tó ń tẹ̀ lára ẹ̀wọ̀n, kó pín in sí ègé-ègé tí kò ń yí ìrísí padà, kó wá yí ègé kọ̀ọ̀kan lórí òpó tirẹ̀ bó ṣe ń sún un síwájú. Èyí ni wọ́n ń pè ní corkscrew nínú ChimeraX, òun ni a sì gbà nímọ̀ràn. Ọ̀nà kẹta fi ìṣirò agbára kún un: lẹ́yìn férémù kọ̀ọ̀kan, ètò á ti àwọn átọ́ọ̀mù tó gorí ara wọn kúrò lórí ara wọn, kí ìdè kẹ́míkà tó gùn jù tàbí tó kúrú jù lè padà sí ìwọ̀n. Irú èyí ni Yunifásítì Yale gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2000 fún gbogbo ènìyàn. Férémù rẹ̀ máa ń bá òfin kẹ́mísìrì mu ju ti ìlà tọ́ọ́rọ́ lọ, ṣùgbọ́n pé nǹkan ṣeé ṣe kò sọ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin yàtọ̀ pátápátá, torí fáìlì kan ṣoṣo ló nílò. Ètò á so àwọn amino acid tó bá sún mọ́ra pọ̀ pẹ̀lú sípíríńgì inú ìṣirò, á wá wo bí odidi rẹ̀ ṣe lè mì pẹ̀lú agbára tó kéré jù. Láti 1996 ni irú ìṣirò yìí ti gbajúmọ̀. ElNémo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ènìyàn ti lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń sọ apá ibi tí mólékù lè fì sí, ó sì sábà máa ń tọ̀nà. Bó ṣe fì jìnnà tó ni kò lè sọ: ẹni tó ń lò ó ló ń yan iye náà. Bí ẹ bá rí irú fídíò yìí tí mólékù ń ṣí gbàgà, ẹ rántí pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣí i tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. UCSF ChimeraX, tí Yunifásítì California ní San Francisco ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹ̀kọ́ àti fún ẹni tí kò fi ṣòwò. PyMOL náà lókìkí, ṣùgbọ́n morph inú rẹ̀ wà fún àwọn tó sanwó nìkan. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò ní in. VMD ti Yunifásítì Illinois dára fún ìṣirò mìíràn tí a ó sọ níwájú. Ẹ fi ChimeraX sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i, ẹ máa tẹ àṣẹ sí ìlà tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ tẹ "open 2hhb", yóò di #1, ìyẹn nọ́ńbà tí ètò fún mólékù náà. Ẹ tẹ "open 1hho", yóò di #2. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú sí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló wà nínú #1, méjì péré ló wà nínú #2. Fáìlì 1HHO kò bàjẹ́. Nínú kírísítálì yẹn, ìdajì mólékù méjèèjì jọra pátápátá, wọ́n sì kọ ìdajì kan sílẹ̀, wọ́n fi òfin tí a lè fi rí ìdajì kejì sí inú fáìlì. Ẹni tó bá ń morph láì mọ èyí, ìdajì hìmóglóbíìnì ló máa rí, kò sì ní rí yíyí dígíìrì 15 náà rárá, torí láàárín ìdajì méjì ni yíyí ọ̀hún wà.

Àtúnṣe rẹ̀: "sym #2 assembly 1 copies true". Ètò á kọ́ odidi mólékù, á di #3. Lẹ́yìn náà "combine #3", kí gbogbo ẹ̀wọ̀n lè wà nínú mólékù kan, kí orúkọ wọn sì di A, B, C, D. Èyí á di #4. Ẹ máa wo pánẹ́ẹ̀lì Models ní gbogbo ìgbà, torí nọ́ńbà lè yàtọ̀ bí ẹ bá ti ṣí nǹkan mìíràn ṣáájú.

Ó kan kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn. Ẹ má ṣe to gbogbo mólékù lé gbogbo mólékù. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ètò á pín ìyàtọ̀ náà káàkiri, ìdajì méjèèjì á dà bí ohun tó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kò sì ní mọ èyí tó yí lára èyí. Ìdajì kan ni kí ẹ fi ṣe ìdúró: "align #4/A,B@CA to #1/A,B@CA". Ẹ wo ohun tí ètò kọ sínú Log. Iye átọ́ọ̀mù tó bára mu gbọ́dọ̀ jẹ́ 287, ìyẹn 141 pẹ̀lú 146, torí átọ́ọ̀mù CA kan ṣoṣo ló wà nínú amino acid kọ̀ọ̀kan. Bí iye tó wà lápá méjèèjì kò bá dọ́gba, ètò á kọ̀, ó sì dáa bó ṣe kọ̀, torí ó fi hàn pé nǹkan sọnù nínú ọ̀kan nínú fáìlì méjèèjì.

Kí ẹ tó tẹ̀síwájú, ẹ wo C àti D. Ṣé C inú #4 wà lẹ́bàá C inú #1, àbí ibi tí D wà ló lọ? Bí orúkọ bá ti pàṣípààrọ̀, morph á gbé odidi ẹ̀wọ̀n kan gba àárín mólékù kọjá lọ sí òdìkejì, fídíò á sì dà rú. Àṣẹ "changechains" ni ẹ ó fi tún orúkọ náà ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni "morph #1,4 frames 50". Ká ní èsì rẹ̀ jẹ́ #5, ẹ fi "hide #1-4 models" bo àwọn yòókù, kí ẹ sì tẹ "coordset slider #5" láti máa fi ọwọ́ fà á síwásẹ́yìn. Ẹ fà á púpọ̀ kí ẹ tó gba fídíò kankan sílẹ̀. Ẹ dúró ní férémù 25, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó bóyá ìdè kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá ẹ̀wọ̀n kan gba inú ẹ̀wọ̀n mìíràn kọjá. Ẹni tó bá wo fídíò ní ìwọ̀n eré rẹ̀ nìkan kò ní rí nǹkan wọ̀nyí láé.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ ní férémù 25 náà nìyí. Phenylalanine àti tyrosine, amino acid méjì, ní òrùka onígun mẹ́fà, tí átọ́ọ̀mù apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ jọra pátápátá. CD1 àti CD2 ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú fáìlì. Bí ẹni tó kọ fáìlì kan bá pe tọ̀tún ní CD1, tí ẹni tó kọ èkejì pe tòsì bẹ́ẹ̀, ìlà tọ́ọ́rọ́ á rán àwọn méjèèjì kọjá lára ara wọn, òrùka á sì pa dé di igi tín-ínrín láàárín ọ̀nà kó tó tún ṣí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nínú mólékù. Orúkọ lásán ló pàṣípààrọ̀. Ìṣòro kan náà wà lára OD1 àti OD2 ti aspartate. Bí amino acid kan bá ní ìdúró méjì nínú fáìlì, tí wọ́n kọ A àti B sí wọn, ẹ pa ọ̀kan rẹ́ kí ẹ tó morph. Bí apá kan ẹ̀wọ̀n bá sọnù nínú fáìlì kan torí pé ó ń mì jù fún ẹ́síréè láti rí, morph á yọ ọ́ kúrò nínú méjèèjì, àlàfo á sì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìlà dí àlàfo náà kó lè rẹwà.

Ọ́síjìn pàápàá á pòórá. Ètò kì í pa átọ́ọ̀mù tí kò sí nínú fáìlì méjèèjì mọ́, 2HHB kò sì ní ọ́síjìn. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ díẹ̀ pé fídíò tó yẹ kó ṣàlàyé ọ́síjìn kò ní ọ́síjìn nínú. Ẹ lè ṣí #4 sílẹ̀ ní òpin fídíò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i lórí irin, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ya ọ́síjìn tó ń fò wọlé, torí ọ̀nà tó gbà wọlé kò sí nínú fáìlì kankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló tún kù. Fídíò náà á gba ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan. Nínú ẹ̀jẹ̀, ìyípadà láti ìrísí tó gbé ọ́síjìn sí èyí tí kò gbé e máa ń gba nǹkan bíi máíkrósẹ́kọ́ńdì 20, ìyẹn ìdá 20 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í sì í rìn jẹ́jẹ́ bó ṣe wà nínú fídíò. Omi ń gbá a láti ọ̀tún láti òsì, ó ń gbọ̀n, ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn. Ètò wà tó ń ṣírò ìgbọ̀nrìrì yìí pẹ̀lú omi àti iyọ̀ inú rẹ̀, bíi GROMACS àti NAMD, VMD sì ni wọ́n sábà fi ń wo èsì NAMD. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo ohun tó ń béèrè. Ìgbésẹ̀ kan nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ fẹ́mútósẹ́kọ́ńdì 2 (fẹ́mútósẹ́kọ́ńdì bílíọ̀nù kan ló wà nínú máíkrósẹ́kọ́ńdì kan). Láti dé máíkrósẹ́kọ́ńdì 20, ìgbésẹ̀ bílíọ̀nù mẹ́wàá ni. Bí kọ̀ǹpútà kan bá lè ṣe nánósẹ́kọ́ńdì 10 lójúmọ́ (nánósẹ́kọ́ńdì 1,000 ló wà nínú máíkrósẹ́kọ́ńdì kan), ọjọ́ 2,000 ni yóò gbà, ó lé ní ọdún márùn-ún, láìsí pé iná lọ lẹ́ẹ̀kan. Morph ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyàtọ̀ iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì nìyẹn, òun náà sì ni ìyàtọ̀ ohun tí ènìyàn lè sọ lẹ́yìn tó bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tó yàtọ̀ nínú hìmóglóbíìnì S, èyí tó ń fa àrùn náà, ni pé ní ipò kẹfà lára ẹ̀wọ̀n bẹ́tà, valine ló wà níbi tí glutamic acid yẹ kó wà. (Àwọn ìwé àyẹ̀wò jíìnì kan máa ń kọ ọ́ sí ipò keje, torí wọ́n ka methionine ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà ni, kí ọkàn òbí má dàrú.) Nígbà tí ọ́síjìn bá ti kúrò, ihò kékeré kan máa ń wà ní gbangba lára bẹ́tà, láàárín phenylalanine 85 àti leucine 88, valine mólékù tó wà nítòsí á sì wọ inú rẹ̀. Báyìí ni mólékù ṣe ń so mọ́ mólékù títí wọ́n á fi di okùn gígùn tó ní fọ́nrán 14 tó ń na sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa di dòjé. 2HBS ni ẹ ó ṣí bí ẹ bá fẹ́ rí hìmóglóbíìnì S tí kò gbé ọ́síjìn. Mólékù méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ.

Ẹ wá gbọ́: ìyípadà ìrísí mólékù S kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti A, hìmóglóbíìnì tí kò ní àrùn. Bí ẹ bá morph méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú kò ní mọ ọmọ tó jẹ́ SS yàtọ̀ sí ọmọ tó jẹ́ AA. Àìsàn náà kò sí nínú ìrìn mólékù kan. Inú àsopọ̀ ọ̀pọ̀ mólékù ló wà. Nítorí náà, fídíò tó bá fi mólékù kan hàn tó ń lọ́ lójijì di dòjé, irọ́ pọ́ńbélé ni. Sẹ́ẹ̀lì ló ń di dòjé. Bí ẹni tó ń ta oògùn tàbí àgbo bá sì fi fídíò mólékù tó ń ṣí padà polówó ọjà rẹ̀, kí òbí mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè ya irú rẹ̀ fún ohunkóhun, kódà fún omi lásán.

Àpẹẹrẹ kan wà tó yẹ kó mú gbogbo wa ronú. Voxelotor jẹ́ oògùn tó ń so mọ́ ẹ̀wọ̀n alfa, tó ń mú kí hìmóglóbíìnì dúró pẹ́ sí i ní ìrísí tó ti gbé ọ́síjìn, kí ihò tí a sọ yẹn má bàa ṣí. Lórí fídíò, àlàyé rẹ̀ rẹwà, ó sì bá ìmọ̀ mu. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 2019. Ní September 2024, ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, torí èsì tó jáde fi hàn pé ewu rẹ̀ lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìrísí mólékù ṣì wà bó ṣe wà. Ara ènìyàn ló ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ, ara aláìsàn sì ni a gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ.

Fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ dánwò: ChimeraX tóbi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń gbà á wálẹ̀, ẹnì kan lè gbà á, kó fi fíláàṣì pín in fún àwọn olùkọ́ yòókù. Fáìlì mólékù kéré, ti hìmóglóbíìnì kò ju bíi mẹ́gábáìtì kan lọ. Ẹ gba 2HHB, 1HHO, 4AKE, 1AKE àti 2HBS wálẹ̀ pa mọ́, ẹ lè ṣí wọn láìsí dátà. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ní OpenGL 3.3 (ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà ya àwòrán sójú rẹ̀), bó bá ti gbó jù, ChimeraX kò ní ṣí, ẹ lo UCSF Chimera àtijọ́, tí wọn kò ṣe àtúnṣe sí mọ́ ṣùgbọ́n tó ní morph tirẹ̀. Ẹ gba fídíò sílẹ̀ nígbà tí iná wà, kí ẹ má dúró de ọjọ́ ẹ̀kọ́.

Bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n máa gbà á sílẹ̀ nìyí: kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ní àwọ̀, kí àárín jẹ́ eérú. Nínú ChimeraX, "color #5 bychain", "movie record size 1280,720", "wait 25", "color #5 gray", "coordset #5", "wait 51", "color #5 bychain", "wait 25", "movie encode hemo.mp4". Ní férémù 25 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́wàá á sì mọ ibi tí àwọ̀ ti lọ àti ibi tó ti padà. Ẹ fi "2dlabels text" kọ orúkọ fáìlì méjèèjì sórí rẹ̀, kí ẹ wò ó pé àmì ohùn Yorùbá jáde dáadáa kí ẹ tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, ìwé ìròyìn yín kò lè tẹ fídíò, ṣùgbọ́n ẹ máa ń tẹ àwòrán tí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó bá fún yín ní àwòrán mólékù pé: fáìlì wo ló ti wá, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni, àárín ni, àbí òpin? Bó bá jẹ́ àárín, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó lábẹ́ rẹ̀: "Kọ̀ǹpútà ló ṣírò èyí."

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì ohun ẹlẹ́mìí,
Ilé-Ifẹ̀